Ehoro Tí A Gbà Sìn

Ẹsẹ̀ lásán ni Monílọ́lá fi ń sáré lójú títì Ọ̀bà-Ilé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Kìtán. Ìdajì irun rẹ̀ ló dì, ìdajì kejì dúró gbọnin lórí, bẹ́ẹ̀ àárọ̀ Sátidé ni, gbogbo àdúgbò ti jí. Ehoro rẹ̀ ló ń lé. Àbẹ̀bí ni orúkọ ehoro náà, funfun báláú ni, àfi etí òsì rẹ̀ tó dúdú bí èédú. Wọ́n gbàgbé ilẹ̀kùn àgò sílẹ̀, Àbẹ̀bí sì ti pinnu pé òun fẹ́ lọ wo ayé.

Ọkùnrin kan ń bọ̀ ní òdìkejì títì, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Ó ga, ó dúdú, ó dé akẹtẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Òkété gbígbẹ mẹ́ta ń fì lórí ọ̀pá tó so mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́, gbohùngbohùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń fi ohùn ọkùnrin náà tí ó ti gbà sílẹ̀ pariwo: "Èkúté tó jẹ gaàrí! Èkúté tó jẹ bàtà! Èkúté tó jẹ ìwé-ẹ̀rí ọmọ yín! Ẹ ní kó wá jẹ èyí ná!"

Àbẹ̀bí já sáàrin títì. Ọ̀kadà kan ń bọ̀ lórí eré. Monílọ́lá kígbe "Àbẹ̀bí!", ó dijú. Nígbà tó máa fi lajú, kẹ̀kẹ́ olóògùn èkúté ti dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ọkùnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀, akẹtẹ̀ rẹ̀ dojú dé ilẹ̀, nǹkan kan sì ń ta pútúpútú lábẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ehoro ni o! Kì í ṣe èkúté!"

"Àǹtí, mo mọ̀." Ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mi ò tíì rí èkúté tí wọ́n pa irun dídì tì nítorí ẹ̀."

Monílọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ojú tì í títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí bí ọkùnrin náà ṣe yọ Àbẹ̀bí jáde pẹ̀lẹ́, tó fi ọwọ́ kan gbé ìdí rẹ̀ ró, tó fi èkejì bo ojú rẹ̀ kí ẹ̀rù má baà bà á mọ́.

"Ọkàn ẹ̀ ń lù kìkìkì. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kí ẹ tó gbà á."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fi pípa èkúté jẹun, níbo lẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ehoro?"

"Èkúté tó ń jẹ oúnjẹ ọmọ ènìyàn ni mo ń bá jà, Àǹtí. Èmi àti eléyìí ò níjà."

Ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dìde, ó ń lọ. Monílọ́lá délé, ó jókòó kí wọ́n parí irun rẹ̀, ọmọge tó ń dì í ní, "Àǹtí, kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí?" Kò mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, olóògùn kọjá. Ìkejì, ó kọjá. Ní ìkẹta, Monílọ́lá ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí gbohùngbohùn náà ní: "Èkúté tó jẹ gaàrí! Èkúté tó jẹ bàtà! Ẹ kú àárọ̀ o, Àǹtí elehoro!" Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀kọ sílẹ̀, ó sáré jáde.

"Ọ̀gbẹ́ni, tíṣà ni mí o! Àwọn òbí ọmọ tí mò ń kọ́ ń gbé àdúgbò yìí. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?"

"Kí wọ́n lé yín wá sọ́dọ̀ mi." Ó fa ìdì ewé ọ̀dùnkún tútù yọ nínú apẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́. "Ti Àbẹ̀bí nìyí. Ẹ má jẹ ẹ́ o."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Oǹdó ni Kìtán. Ó jáde ní pólì, ó kọ̀wé síbi tí wọ́n ń kọ̀wé sí, ó dúró títí, kò sẹ́ni tó pè é, ló bá ra kẹ̀kẹ́ àti gbohùngbohùn. Yàrá kan ló gbà ní Àkúrẹ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nílé l'Óǹdó látìgbà tí àbúrò rẹ̀ tó kẹ́yìn ti lọ sílé ọkọ. Kò sí Sátidé tí kì í mú ewé ọ̀dùnkún wá, kò sì pẹ́ tí Monílọ́lá fi ń mọ ìró kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ láti òpin àdúgbò. "Ẹ" di "o" láàrin wọn, "Àǹtí" di "Lọ́lá mi."

Ní ọjọ́ kan lẹ́bàá àgò, Monílọ́lá sọ fún un ohun tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni òun nígbà tí bàbá òun, Akíntóyè, gbé ehoro méjì wálé nínú páálí mílíìkì. Ọdún kejì ni bàbá kú. Àwọn tó wà nínú àgò yìí, látorí Àbẹ̀bí dórí èyí tó kéré jù, ọmọ-ọmọ àwọn méjì yẹn ni gbogbo wọn.

"Tí mo bá ń fún wọn lóúnjẹ, ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi àti Dádì la jọ wà níbẹ̀."

Kìtán kàn tún bu ewé sí i. Ìyẹn tẹ́ Monílọ́lá lọ́rùn ju ọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tí Kìtán ń lọ kí ìyá rẹ̀ l'Óǹdó, Monílọ́lá mú ọmọ ehoro méjì, akọ kan, abo kan, ó kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré. "Bá mi gbé e fún Màmá. Sọ fún wọn pé ẹ̀bùn ni, kí ilé má baà pa rọ́rọ́ jù."

Kìtán padà wá pẹ̀lú iṣẹ́. "Màmá ní ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn ò gbà á lẹ́bùn o. Wọ́n ní àwọn gbà á sìn ni."

Monílọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó mọ àṣà náà, ẹnu ìyá àgbà rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá gba abo ẹran sìn, bí ẹran bá bímọ, ìdajì jẹ́ ti olóhun, ìdajì jẹ́ ti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ewúrẹ́ àti adìyẹ ni wọ́n ń ṣe é sí láyé àtijọ́. "Kí ló dé tí wọn ò kàn gbà á?"

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá fúnni lẹ́bùn náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń parí. Wọ́n ní ọ̀sìn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí láàrin ènìyàn méjì."

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò dùn mọ́ ìyá Monílọ́lá. Àgbàdo, ẹ̀wà àti gaàrí ló ń tà ní iwájú ilé. Díákónẹ́ẹ̀sì ni, obìnrin tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọmọ kan ṣoṣo yanjú. Ó fẹ́ kí ọmọ náà bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí òun lè nàka sí.

"Ṣé ẹni tó á wọ ulé mi wá fẹ́ ọ rèé, Lọ́lá? Kí n dìde láàrin ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n ní àna mi ló ń kígbe èkúté lójú títì?"

"Mọ́mì, uṣẹ́ tó mọ́ ni. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé uṣẹ́ kì í tini lójú."

"Mi ò sọ pé kó tì í lójú. Èmi ló ń tì lójú."

Wọn ò jà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Monílọ́lá gbà pé bí ìyá òun bá ti mọ Kìtán dáadáa, ara rẹ̀ á rọ̀. Sùúrù ló kù.

Àwọn èkúté ò ní sùúrù. Wọ́n dá àpò ẹ̀wà ńlá kan lu nínú yàrá ọjà, ẹ̀wà dà sílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, inú sì bí ìyá. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ohun tí Monílọ́lá ò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà yàrá ọjà ni wọ́n máa ń gbé abọ́ àgbàdo ìgbálẹ̀ sí. Àgbàdo tó bá ti dà sílẹ̀ tí wọ́n gbá jọ, ti ehoro ni. Ní àárọ̀ Fúráìdé, Monílọ́lá gbé abọ́ náà bó ṣe máa ń gbé e. Ó bu fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ọwọ́ pa Àbẹ̀bí létí dúdú rẹ̀, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Nígbà tó dé ní ọ̀sán, àgò dákẹ́. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mọ́kànlá náà ló kú.

Ọ̀rá oògùn èkúté méjì ló rí nínú garawa ìdalẹ̀nù. Ó mọ ọ̀rá náà. Ó ti rí i nínú apẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan lọ́pọ̀ ìgbà.

"Mo rà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin ẹ nígbà tó kọjá lánàá," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ní mo lè pò ó mọ́ ohun tó bá wù mí. Ó ní kò lè ṣe ẹran ulé ní nǹkan kan." Ìyá ń gbálẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀ náà ló tún ń gbá.

Ní ọjọ́ kejì, Monílọ́lá dúró dè é lójú títì. Kìtán rí ojú rẹ̀, ó pa gbohùngbohùn.

"Ṣé ìwọ lo ta oògùn fún Mọ́mì?"

"Èmi ni. Lọ́lá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Gbogbo wọn ló kú. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fún wọn jẹ."

Kìtán jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mọ́mì ní o sọ pé kò lè ṣe ẹran ilé ní nǹkan kan. Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?"

Kìtán wo apá ilé náà, níbi tí ìyá Monílọ́lá dúró sí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọjà, tó ń wo àwọn méjèèjì.

"Ṣé bí Mọ́mì ṣe sọ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"A jẹ́ pé mi ò là á yé wọn bó ṣe yẹ. Ẹ̀bi mi ni. Foríjì mí, Lọ́lá mi."

Ó wu Monílọ́lá kí Kìtán jà. Ó wù ú kó búra, kó ní irọ́ ni, kó sọ ohunkóhun. Kò sọ ọ́. Monílọ́lá wo òkété mẹ́ta tó ń fì lórí ọ̀pá, ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò sì ṣeé kó padà. "Òkété, báyìí ni ìwà rẹ," ló wí, ó yí padà, ó lọ.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Gbohùngbohùn kankan ò ké ní Ọ̀bà-Ilé mọ́. Monílọ́lá a lọ síbi iṣẹ́, a bọ̀, a gba ẹ̀yìnkùlé kọjá láìwo ẹ̀gbẹ́ àgò. Ìbànújẹ́ méjì ló ń ṣe é, ó sì ń tì í lójú pé ti ọkùnrin náà ló ń dùn ún ju ti ehoro lọ. Ìyá rẹ̀ náà rù. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá bi í pé kí ló dé, a ní iṣẹ́ ni.

Ní Sátidé kan ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan dúró níwájú ilé. Obìnrin orí ewú kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n fi aṣọ bò dání.

"Ẹ kú ilé o. Èmi ni ìyá Kìtán, láti Oǹdó."

Monílọ́lá kúnlẹ̀ kí i. Ìyá rẹ̀ dìde láàrin àpò gaàrí, ó gbé àga, kò mọ ibi tó máa fi ojú sí.

"Mi ò ní pẹ́," ni àlejò wí. "Èmi ni mo gba ehoro ọmọ yín sìn. Abo yẹn ti bí lẹ́ẹ̀mejì, méjìlá ni gbogbo ọmọ. Ìpín tiyín ni mo kó wá. Mẹ́fà rèé."

"Màmá," Monílọ́lá ní, "ẹ̀yin náà ti gbọ́ pé èmi àti Kìtán..."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ìfẹ́ lè já. Ọ̀sìn kì í já. Ohun olóhun ni, mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́ ọ lára nítorí pé o ò bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ mọ́." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyá Monílọ́lá, ó di ìdí àga mú, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ pẹ̀lú ewú orí rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kejì ló mú mi wá fúnra mi. Ọmọ mi ní àìlàyé òun ló pa ẹran ilé yìí. Èmi ni mo bí i. Ẹ bá mi foríjì í."

"Ẹ dìde!" Ìyá Monílọ́lá figbe ta. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, Màmá, ẹ má pa mí!"

Ó ń fà á lápá, kò lè gbé e, òun náà bá kúnlẹ̀ tì í.

"Ó là á yé mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Ó ti gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó padà wá. Ó ní ẹja gbígbẹ ni kí n pò ó mọ́, ó ní nítorí àwọn ehoro Lọ́lá, kí n má fi àgbàdo dán an wò láéláé. Èmi ni mo ní, kí n wá mú ẹja ọbẹ̀ mi bọ́ èkúté? Mo pò ó mọ́ àgbàdo ìgbálẹ̀, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ẹnìkan pè mí níwájú ulé, mo gbàgbé. Nígbà tí ọmọ mi bi mí, ojú tì mí, mo purọ́. Mo wá rí i pé irọ́ yẹn ti bá mi lé ọmọ yín lọ. Mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Nínú apẹ̀rẹ̀, nǹkan kan ń fi èékánná ha igi.

"Oṣù mẹ́rin, Mọ́mì," ni Monílọ́lá wí. Inú ń bí i. "Oṣù mẹ́rin gbáko lẹ fi ń wò mí."

"Ọmọ mi, mo ń wò ọ́. Mi ò rí oorun sùn."

Monílọ́lá ṣí aṣọ orí apẹ̀rẹ̀. Ehoro mẹ́fà ló gbójú sókè. Funfun ni wọ́n, ọ̀kan sì wà láàrin wọn tí etí òsì rẹ̀ dúdú bí èédú. Ó gbé e, ó fi mọ́ àyà, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n dá ohun tó sọnù padà fún. Ẹ̀bùn bàbá rẹ̀ ò parí. Ẹnìkan ti ń bá a fún wọn lóúnjẹ l'Óǹdó ní gbogbo ìgbà tó fi rò pé ó ti parí.

"Kìtán ò sọ fún mi pé òun ò jẹ̀bi," ìyá Kìtán ń sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Èmi tí mo bí i, kò sọ fún mi."

Ìyá Monílọ́lá fi etí aṣọ nu ojú. "Lọ́lá, dìde. Bá Màmá lọ sí Oǹdó. Èmi máa tọ́jú àwọn ehoro." Ó tún pè é padà. "Wọ bàtà o."

Kìtán ò sí nílé nígbà tí wọ́n dé Òkèlísà, àdúgbò wọn l'Óǹdó. Ó ti fi oògùn títà sílẹ̀, ó sì ti padà wálé, ìyá rẹ̀ ṣàlàyé. Pàkúté ló ń kàn báyìí, ó sì ń fi wáyà dí ihò èkúté fún àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jìnnà, ìkángun àdúgbò ló ti ń ṣiṣẹ́ lónìí. Gbohùngbohùn náà wà lára ògiri lórí ìṣó, eruku ti bò ó.

Monílọ́lá já a, ó gbé e bọ́ sójú títì, ó tẹ ibi tó rò pé wọ́n ń tẹ̀.

"Èkúté tó jẹ gaàrí! Èkúté tó jẹ bàtà! Ẹ kú àárọ̀ o, Àǹtí elehoro!"

Kìtán ò tíì pa á rẹ́. Látọjọ́ yìí, pẹ̀lú gbogbo ohun tí òun sọ sí i, kò pa á rẹ́. Monílọ́lá dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ẹnu sí i.

"Mò ń wá ọkùnrin kan! Ó ga, ó dúdú, akẹtẹ̀ ẹ̀ tóbi ju orí ẹ̀ lọ! Ó gba ẹ̀bi ohun tí kò ṣe! Ẹni tó bá rí i, kó sọ fún un pé Àǹtí elehoro ló ní kó máa bọ̀!"

Àwọn ọmọdé tú jáde. Àwọn ìyá yọjú lójú fèrèsé. Lórí àkàbà kan ní ìkángun àdúgbò, ọkùnrin kan tó ń kan wáyà mọ́ ògiri ju òòlù sílẹ̀.

"Lọ́lá, ṣé ò ń ya wèrè ní ìlú onílùú ni?" Ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ìwọ ò pariwo nígbà tó yẹ? Mọ́mì ti sọ gbogbo ẹ̀. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Kìtán ṣí akẹtẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. "Ìyá ẹ ni, Lọ́lá. Dádì ẹ ò sí. Ehoro ẹ ti kú. Tí mo bá ní irọ́ ni Mọ́mì pa, ta ló máa kù fún ẹ? Mo ní ó sàn kó jẹ́ èmi ni wàá sọ nù."

Monílọ́lá kúnlẹ̀ lójú títì yẹn, níwájú gbogbo Òkèlísà. "O ṣé. O ṣé, Kìtán. Mo sì fi òkété pè ọ́. Foríjì mí."

"Dìde jọ̀ọ́. Àwọn òkété gan-an ló bínú, wọ́n ní orúkọ àwọn lo bà jẹ́." Ó fà á dìde, kò sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. "Mo gbọ́ pé Màmá kó ìpín ẹ wá fún ẹ."

"Mẹ́fà."

"Tí àwa náà bá wá bí tiwa, báwo la ṣe máa pín in?"

Monílọ́lá gba akẹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi lù ú léjìká. "Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti gbà?"

"Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Gbohùngbohùn lo fi sọ ọ́."

"A ò ní pín in," ló fèsì jẹ́jẹ́. "A jọ máa tọ́ ọ ni."

Ní oṣù Kejìlá ni àwọn ará Oǹdó wá tọrọ rẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì kún ilé. Nígbà tó kan ìyá ìyàwó láti sọ̀rọ̀, ó dìde, ó fi ìka tọ́ka sí Kìtán.

"Àna mi rèé. Èkúté ló ń lé. Mo purọ́ mọ́ ọn, ó sì fi ẹnu ara ẹ̀ bo àṣírí mi. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀." Kìtán ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó sọ ọ́ tán. Wọ́n kọrin ọpẹ́, ìyá Kìtán ló kọ́kọ́ dá a.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Monílọ́lá jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá àgò pẹ̀lú atẹ àgbàdo lórí ẹsẹ̀. Ó ń ṣa á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan sókè wò nínú oòrùn, kó tó jù ú sínú abọ́. Ehoro elétí dúdú ti fi ẹnu ti ojú wáyà, ó ń dúró dè é.

"Mọ́mì, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́ o."

"Mo mọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí, kò gbójú sókè. "Jẹ́ kí n ṣà á."

Monílọ́lá fa àpótí kejì, ó jókòó tì í, ó sì bá a ṣà á.